Iyọ̀ Tí Àbúrò Mi Kò Jẹ

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, mo ń wẹ̀ kí n tó lọ sí iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Baṣọ̀run. Ọṣẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi gba orí ọyàn mi òsì, ìka mi sì kan kókó kan tó le bí hóró àgbálùmọ̀. Kò dùn mí rárá. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, torí bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ojú ń tì mí láti kọ nìyí. Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìdílé wa ń sọ fáráyé. Nílẹ̀ wa, kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ẹni, wọn á wádìí àìsàn tó wà nínú ìran rẹ̀, àwọn àgbà ilé wa kò sì fẹ́ kí àwọn àna torí ìyẹn sá fún àwa ọmọbìnrin méjì. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, mo mọ òótọ́. Mútíátù àbúrò mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ohun tí wọ́n sọ fún un náà ló gbà.

Ìyá ọkọ mi ló sìn mí lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Bódìjà. Dókítà bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ti ní irú rẹ̀ rí. Mo wo ojú Màmá, mo ní, "Rárá, mà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa bí àbùdá òbí ṣe ń wọ ara ọmọ!

Wọ́n bu díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Wọ́n gé ọyàn náà. Oògùn tí wọ́n wá ń fà sí mi ní iṣan ni olórí ìyà: irun mi re, ẹnu mi bó, omi lásán ń korò lẹ́nu mi. Mútíátù ló ń ti Apẹ̀tẹ̀ wá da èébì mi nù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó se ọbẹ̀, ó bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó fi iyọ̀ sí tiwa.

"Ìwọ ò fẹ́ iyọ̀ ni?"

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé n kì í jẹ ẹ́. Oṣooṣù ni mò ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní kẹ́mísìtì. Ohun tó pa ìyá mi ò ní pa mí, lágbára Ọlọ́hun."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tèmi, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ló ti bá mi. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ̀ ọ́ lọ.

Mo padà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó ní ká ní mo ti sọ ọ́ ni, àwọn ì bá ti ṣe àyẹ̀wò àbùdá fún mi: wọn á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ á ka ohun tí a jogún lára òbí, bóyá àléébù tó ń fa jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó ní in lè má ṣàìsàn láéláé, ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ọkọ mi ní, "Ṣé ìyẹn á dá ọyàn padà ni?" Kò lè dá a padà. Mútíátù ni mò ń rò. Mo sọ ohun tó pa ìyá wa gan-an fún un, àwa méjèèjì sì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò náà.

Àléébù náà wà lára mi. Ó wà lára Mútíátù náà, wọ́n sì rí kókó kan lọ́yàn rẹ̀ tí ọwọ́ kò tíì lè bà. Wọ́n tètè yọ ọ́. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Màmá ìyá ọkọ mi náà, ó ní àwọn ti gbọ́ nípa ìyá wa kí àwọn tó wá tọrọ mi. Òfo ni gbogbo irọ́ mi.

Mútíátù kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ọdún mélòó ni mo ti ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́, Àǹtí?"

Ara àwa méjèèjì ti yá báyìí, alihamudulilai. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi yìí, bó tilẹ̀ ku ọyàn kan, pé ó fara dà á títí òótọ́ fi jáde lẹ́nu mi. Bí Mútíátù bá wá kí mi, èmi ni mo máa ń se ọbẹ̀. Màá sọ fún un pé mo ti fi iyọ̀ sí i. Á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná.