Àgádágodo Kan Ló Kù

Àtàǹpàkò rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan irin náà. Ó ti apá àgádágodo wọlé. Ó gbọ́ tó dún, "kọ́". Kò gbà á gbọ́. Ó fi ìka méjì fà á wálẹ̀, ó tún un fà. Ó yí i kí ojú pupa rẹ̀ kọ síta, ó fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni ń nu imú ọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, sábẹ́ aṣọ, kí irin tútù náà lè máa kan àyà rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn, látìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ iná. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é.

Ọwọ́ irin kan wà lára ògiri níbẹ̀, ó gùn tó apá ọkùnrin. Bí wọ́n bá gbé e sókè, iná mọ̀nàmọ́ná á gba inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kọjá sí ilé ńlá tí kọ̀ǹpútà orílẹ̀-èdè wà. Bí wọ́n bá fà á wálẹ̀, waya inú ihò á kú, èèyàn á lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ihò á kọ́kọ́ fi àgádágodo tirẹ̀ há ọwọ́ irin náà mọ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan péré. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò wà. Bó bá jáde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí i. Bó bá ku àgádágodo kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè gbé iná sókè. Kì í ṣe ẹnjiníà. Kì í ṣe mínísítà.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò ní apá ọ̀tún. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gé àgádágodo rẹ̀, ó ní, "Ó ti lọ jẹun." Kò tíì lọ jẹun. Ọwọ́ òsì ni ọ̀gá náà fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tì í. Ìkìlọ̀ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bí o kò bá fojú rí i, inú ihò ló wà."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló mú Adúmáradán wọ iṣẹ́ náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, àbígbẹ̀yìn ilé. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wọlé ọkọ, torí ara ọmọkùnrin náà ń dán bí ìgò, àti torí ìyàwó kì í pe àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ. Níbi iṣẹ́, "Ọ̀gá" ni Adúmáradán ń pè é. Tí wọ́n bá ti jáde ní géètì báyìí, ọ̀rọ̀ á yí padà.

"Ìyàwó wa, tí a bá délé, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù fún ọkọ yín o."

"Ọkọ mi, ẹ ó mu ún lọ́la. Lónìí, ẹ lọ fọ ìbọ̀wọ́ yín."

Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi dé ibi ọkọ̀.

Ilé kọ̀ǹpútà náà kò ní fèrèsé. Ìtìjú ló kọ́ ọ. Nígbà kan, gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè mọ̀ nípa ara rẹ̀, ta ni wọ́n bí, ta ló ni ilẹ̀, ta ni owó oṣù tọ́ sí, inú ẹ̀rọ àwọn ará òkè òkun ló wà. Àwọn ìjọba méjèèjì wá ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí nǹkan mìíràn pátápátá. Àwọn yẹn tilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ń wo ojú aláìsàn, kò mọ oògùn tó ń lò. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tò sórí ìlà ní báńkì, àgbàlagbà obìnrin, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjà náà parí. Ìjọba ní ẹni tó ń bá ọ tọ́jú ẹrù rẹ ló ni ọ́. Wọ́n kọ́ tiwọn.

Ó kù díẹ̀ káàtó. Ilé-iṣẹ́ òkè òkun tó ni ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀ náà ló kó ẹ̀rọ wá, wọ́n sì ki ọ̀rọ̀ kan bọ inú àdéhùn. Bí iná ilé náà bá ti fẹ́ kú pátápátá, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn fún ìpamọ́. Ìgbà tí yóò padà, àwọn ni yóò sọ. Àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí i. Ta ló máa jẹ́ kó kú?

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí, wọ́n ti ń tún waya inú ihò ṣe láti àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ń dúró de irin kan láti òkè òkun. Ìkejì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Bátìrì ló kù tó ń gbé ilé náà ró.

Iṣẹ́ parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn bò wọ́n, kálukú ń ṣí tirẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣí tirẹ̀.

Ọ̀kan kù. Aláwọ̀ òfeefèé. Ti Adúmáradán.

Máníjà ilé kọ̀ǹpútà sáré dé, fóònù lọ́wọ́. Ohùn kan ń jáde nínú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn ará òkè òkun: wọ́n ti ṣetán láti gbà á bó bá yá.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé iná! Bátìrì ti fẹ́ tán!"

"Àgádágodo kan ló kù, ọ̀gá."

"Onítọ̀hún dà?"

Wọ́n wo ojú ara wọn. Ẹni tó ń so waya ní, "Ẹ̀yìn mi ló wà. Mo rò pé ó ń bọ̀."

Wọ́n pè é lórí fóònù. Fóònù náà dún. Inú àpótí onígi ẹnu ihò ló ti ń dún, láàárín fóònù àwọn yòókù, torí ẹnikẹ́ni kì í mú fóònù wọlé. Gbogbo wọn ń wo àpótí náà. Ó dún títí ó fi sú u.

"Ó lè ti jáde," ni Máníjà wí.

"Ó lè má tíì jáde."

"Bátìrì ò ní dúró de 'ó lè'! Ẹ gé e."

Ẹnì kan ti gbé ẹ̀mú ńlá tó ń gé irin wá. Kò sún mọ́ ògiri. Ó ń wo obìnrin náà.

Máníjà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ ọmọ mi wà nínú ilé yẹn. Ti ọmọ yín náà wà níbẹ̀. Ṣé kí gbogbo wa tún padà lọ tò sórí ìlà ẹlòmíràn ni?"

Báńkì yẹn wá sí i lọ́kàn. Òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ, ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ó mú àgádágodo rẹ̀. Ó tì í padà sára ọwọ́ irin. Kọ́. Ó fà á. Ó tún un fà.

"Mò ń lọ wò ó. Bí ẹ bá máa gé, méjì lẹ ó gé."

Ooru inú ihò gbá a lójú. Waya mẹ́ta ló bá a rìn, wọ́n nípọn bí itan. Wọ́n kú. Irin kékeré méjì lókè ló ní kí wọ́n kú.

"Ọkọ mi o!"

Ihò náà dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Ó ń na tọ́ọ̀ṣì síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Irin dún lẹ́yìn rẹ̀, lókè. Kọ́. Ó dúró. Ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, kò mí. Ẹ̀mú ló kàn bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

"Ọkọ mi, ẹ dáhùn!"

Ní ìpẹ̀kun, ìbọ̀wọ́ kan. Ọwọ́ kan péré, nílẹ̀, lẹ́sẹ̀ àkàbà. Ó gbójú sókè. Ojú ọ̀run. Ìdérí ihò ti ṣí sílẹ̀.

Kó tó yọ orí síta ló ti gbọ́ ohùn Adúmáradán, lẹ́yìn ọgbà, níwájú géètì.

"Bàbá, ẹ mọ̀ mí! A jọ ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ yìí!"

"Èmi mọ̀ ọ́," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wí. "Ẹ̀rọ ni ò mọ̀ ọ́. Káàdì ẹ dà?"

"Ó wà nínú àpótí pẹ̀lú fóònù mi!"

"Ó dáa. Lọ mú un wá."

"Báwo ni mo ṣe máa mú un wá tí ẹ ò ṣílẹ̀kùn?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ di ọrùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. "Kọ́kọ́rọ́ ẹ dà?"

Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé rí. Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ.

"Ooru ni, ìyàwó wa. Èémí mi ò délẹ̀, mo ní kí n gba ibi tó sún mọ́ jù..."

"Kọ́kọ́rọ́!"

Ihò ni wọ́n tún gbà padà, wọ́n ń sáré, tọ́ọ̀ṣì ń jó lára ògiri. Adúmáradán ṣí tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣi ojú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣì í, kó tó wọlé. Máníjà fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ irin sókè. Ilé ńlá náà hó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan pariwo ayọ̀.

Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Bátìrì ti kú nígbà tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀.

"A ti gba gbogbo rẹ̀," ni ohùn pẹ̀lẹ́ náà wí nínú fóònù. "Kò sí ohun tó sọnù. Ẹ má mikàn."

Máníjà jókòó sórí àpótí onígi. Ó wo Adúmáradán láti òkè délẹ̀. "Ìwọ nìyí," ló wí.

Nílé, kò sẹ́ni tó béèrè omi tútù. Adúmáradán ló bù ú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún ìyàwó wọn, lórí ìkúnlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà pe Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nígbà tó yá.

"Ìta ni ọkùnrin náà wà, àbí?"

"Ìta ló wà."

"Kí wá ni àgádágodo yẹn ń ṣọ́?"

"Mi ò tíì fojú rí i nígbà náà."

Wọn kò lé e kúrò níṣẹ́. Àgádágodo rẹ̀ ṣì wà. Ohun tí ilé ńlá náà ń tọ́jú kò tíì padà. Láàárọ̀, bó bá na káàdì sí géètì, káàdì náà ń kọ́kọ́ lọ béèrè lókè òkun. Lẹ́yìn náà ni géètì ń ṣí. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀.