Ohun Tó Pa Bàbá Mi

Òórùn ata rodo tó ti ń rà ní ọjà Mile 12 ni mo gbé wọ ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòsì lọ́jọ́ náà, torí ibi tí mo ti ń já ẹrù ni wọ́n ti pè mí pé ìyàwó mi ń rọbí, kí n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ọmọ wáyé láyọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì bi mí bóyá ẹnì kan ti ṣàìsàn ẹ̀dọ̀ rí nílé wa.

Mo sọ bí bàbá mi ṣe kú fún un: bí ikùn wọn ṣe wú, tí ẹyinjú wọn pọ́n bí ìyeyè, tí gbogbo wa sì gbà pé àbúrò wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi nǹkan sínú oúnjẹ fún wọn. Láti ìgbà ìsìnkú, àwa àti àbúrò wọn yìí ò kí ara wa mọ́.

Nọ́ọ̀sì náà ní, “Uncle, ó lè jẹ́ àrùn yìí náà ló ṣe wọ́n. Ó máa ń di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nígbà míì. Ẹ máa lo oògùn tí dókítà bá kọ, kẹ́ ẹ sì máa wá ṣe skáànì ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.”

“Kò sí ibi tó ń dùn mí o.”

“Kó tó dùn yín la fẹ́ rí i.”

Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí fún àwa tá à ń fi agbára jẹun. Ká fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ fún dókítà nígbà tí ara le koko, bí ìwà ọ̀lẹ ló ń jọ lójú wa. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ní n ò lọ mọ́. Ìyàwó mi pọn ọmọ, ó ṣíwájú mi jáde, mo sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ dókítà tó ń fi ẹ̀rọ skáànì wò mí dúró lábẹ́ egungun ìhà mi ọ̀tún. Kókó kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ní kí n lọ sọ pé jẹjẹrẹ ni, pé ó ṣì kéré, àwọn lè gé e kúrò.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, mo tẹ àbúrò bàbá mi láago. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nípa ikú bàbá mi fún wọn, mo sọ ti iṣẹ́ abẹ tèmi, mo sì tọrọ àforíjì.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣe é?” ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àbúrò bàbá mi ni mo rí lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n ń bi nọ́ọ̀sì kan léèrè ibi tí àwọn náà ti lè ṣe àyẹ̀wò.

Mo ṣì ń lọ ṣe skáànì ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. N ò ní purọ́, ẹ̀rù máa ń bà mí kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Ohun tó sì máa ń wá sí mi lọ́kàn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń ṣe é ni pé inú ara bàbá mi ni àìsàn wọn wà ní gbogbo ìgbà tá à ń wá a lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, a sì fi ọdún méjìlá jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ níyà.