Ààbọ̀ Owó Ọmọ Ìjọ

Ilé-ìwé ìjọ ni mo lọ ní Adó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin adúgbò wa ní Òkè-Ìlá kò tíì mọ̀ pé síléètì wà fún àwọn náà. Mùsùlùmí ni bàbá mi. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn yà yín lẹ́nu. Gbogbo ọmọ tó bá wá ni wọ́n ń gbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni owó. Òfin ilé-ìwé náà ni pé ọmọ tí wọ́n bá ti ṣe ìsàmì fún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ààbọ̀ owó ni yóò máa san lóṣooṣù. Ọmọ tí wọn kò bá ṣe ìsàmì fún, odidi owó ni tirẹ̀.

N kò bú àwọn tó ṣe òfin náà. Àwọn ọmọ ìjọ ló fi orí ru òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé-ìwé yẹn, àwọn ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀, àwọn náà ló ń dá owó jọ fún tíṣà. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ wọn jẹ àǹfààní díẹ̀ níbẹ̀, wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ló ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọdé? Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí oṣù tuntun bá ti wọlé, tíṣà yóò ní kí àwọn tí kò tíì san owó bọ́ síta, kí wọ́n lọ mú un wá láti ilé. Ó ti mọ́ mi lára débi pé kí ó tó la ẹnu, mo ti dìde.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ni ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Kò mọ ìwé; okùn ni ó fi ń wọn ènìyàn, á ta kókó sí i níbi èjìká, á ta òmíràn níbi ọwọ́, á wá fi okùn náà kọ́ ara ògiri títí yóò fi rán aṣọ náà tán. Okùn gbogbo ènìyàn pàtàkì ní Adó wà lára ògiri wa. Òun náà ni ó ń rán ẹ̀wù funfun àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ń rán an lọ́wọ́ tí àsìkò ìrun tó, á rọra ká ẹ̀wù akọrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ṣe àlùwàlá, á kírun, á padà wá mú ẹ̀wù akọrin. Kò sí ẹni tó rí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀, òun gan-an kò rí i.

Ó fẹ́ kí n kàwé, ó fẹ́ ẹ dé inú egungun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ rẹ̀ fún un, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kò yé mi, kò sì yé òun náà, ṣùgbọ́n ó pe àwọn aládùúgbò wá kí wọ́n wá gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni owó kòkó wálẹ̀. Ẹni tí kò gbé ayé nígbà náà kò lè mọ bí ó ti le tó. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń rán aṣọ méjì méjì fún ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ògbólógbòó aṣọ wá pé kí bàbá mi bá àwọn tú u, kí ó yí òde rẹ̀ sínú, kí ó tún un rán kí ó lè dà bí tuntun. Iṣẹ́ ńlá ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ kan mo wà lẹ́yìn ilé tí mò ń fọ abọ́, mo gbọ́ tí ó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

"Tí oṣù yìí bá parí, kí ọmọ náà sinmi ulé ùwé," ni ó wí. "Títí ọwọ́ á fi rọ̀."

Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Ọwọ́ kì í tètè rọ̀ fún ọmọbìnrin. Tó bá ti sinmi, ọkọ lá lọ fẹ́."

Èmi gbé abọ́ tí mò ń fọ̀ sílẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìwé ṣe láyé mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò fẹ́ sinmi.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ní kíláàsì ni mo sọ fún. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwa méjèèjì ń jókòó. Ọmọ opó ni. Ìyá rẹ̀ ń hun kíjìpá, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ gidi, torí náà ààbọ̀ owó ni ọ̀rẹ́ mi ń san. Ọmọ náà gbọ́n, ó tún láyà. Ó wò mí bí ẹni pé mo gọ̀.

"Ṣé ìyẹn ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Lọ ṣe ùsàmì. Omi díẹ̀ náà ni wọ́n á dà sí ọ lórí. Á gbẹ kó o tó délé."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ó kọ́ mi ní ohun tí wọn yóò bi mí àti ohun tí n ó dá lóhùn, a ń pè é lọ sódò, a ń pè é bọ̀. Ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fẹ́ ṣe ìsàmì náà kò jìnnà. Bàbá mi ló ń rán aṣọ funfun àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ gba àmì. Ara aṣọ yẹn kan náà ni ó ti rán aṣọ ìtúnu ààwẹ̀ mi, torí pé ó ra aṣọ náà ní odidi kí ó lè rí i ní ọ̀pọ̀. Bí mo bá dúró láàárín wọn, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni gbogbo wa wọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, bàbá mi ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ọjà Ìyìn, bí ó ti máa ń ṣe. Mo wọ aṣọ ìtúnu ààwẹ̀ mi, mo sọ fún ìyá mi pé mò ń bá ọ̀rẹ́ mi lọ wo ìsàmì. Ó ní kí n má pẹ́.

Mo tò sẹ́yìn àwọn ọmọ náà. Ẹni kankan kò dá mi dúró, torí pé oníkálukú rò pé ẹlòmíràn ló ni mí. Pásítọ̀ tó ń ṣe ìsàmì náà ni ó tún ń ṣe àkóso ilé-ìwé wa. Kì í ṣe ará Adó, ahọ́n rẹ̀ sì fi í hàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láàárín wa. Ó fa ọmọ kan mọ́ra, ó béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ kan láti inú Bíbélì, ó da omi sí i lórí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó tẹ̀lé e. Àfi ìgbà tí ó kàn mí.

"Kí ni orúkọ ọmọ yìí?"

Ẹ wò ó, a ti kọ́ gbogbo ìdáhùn pátá, a kò rántí orúkọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹni tó dúró fún mi. Mo wá gbé ohùn sókè, mo dá orúkọ kan ṣoṣo tí mo ní, èyí tí lẹ́mọ́mù sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí mi.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn akọrin ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀wù tí bàbá mi rán. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ilẹ̀ tí yóò lanu. Pásítọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rọra dà á padà, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sí ẹni tó rán mi, sà."

"Kí ló dé tí o fẹ́ gba àmì?"

"Kí owó ulé ùwé mi lè di ààbọ̀, sà. Bàbá mi ní kí n lọ sinmi."

Èmi kò mọ̀ pé ohùn mi lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín náà dá. Pásítọ̀ mú mi lọ́wọ́, ó mú mi lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó sì parí ìsìn náà pẹ̀lú ohùn tí kò dùn mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sílé. Ìyá mi rí wa lókèèrè, ó ká ọwọ́ lérí. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo ṣe, kò nà mí. Ó kàn ń sọ pé "Ọmọdé yìí, ọmọdé yìí." A jókòó de bàbá mi. Nígbà tí ó dé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lórí rẹ̀, pásítọ̀ sì sáré bọ́ síta lọ bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n jókòó sí, pásítọ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́.

Bàbá mi gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó fi ọwọ́ lé orí mi, ó ń fọwọ́ pa irun mi káàkiri, mo mọ̀ pé omi ni ó ń wá.

"N kò dà á sí i, Bàbá télọ̀," ni pásítọ̀ wí. "Ó wù mí kí n ṣe ìsàmì fún gbogbo ọmọ tó wà ní Adó yìí, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí òṣì lé wá."

Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun." Ó tún ní, "Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà ni ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bojú, mo sì rí i pé ó ń sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí. Inú mi bàjẹ́ ju ti ìgbà tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín lọ, torí mo rò pé èmi ni mo ṣe é ní ibi.

Pásítọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. A gbọ́ pé wọ́n fà á gan-an. Ẹnìkan bi í pé ṣé ìjọ ni yóò wá máa tọ́ ọmọ Ìmàle. Òun sì bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi àmì Olúwa ná ọjà. Ìyẹn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n pa òfin ààbọ̀ rẹ́, wọ́n ní gbogbo ọmọ yóò máa san iye kan náà. Ṣùgbọ́n owó tíṣà kò gbọdọ̀ dín, nítorí náà wọ́n fi iye náà sí àárín: ti àwa tí à ń san odidi wálẹ̀, ti àwọn tó ń san ààbọ̀ sì gòkè.

Inú wa dùn nílé wa. Bàbá mi ní apá òun á ká a. Mo fọ síléètì mi títí ó fi ń dán, mo sì ti dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ọ̀rẹ́ mi kò wá. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Tíṣà pe orúkọ rẹ̀, ó kọjá lọ sórí ẹlòmíràn. Nígbà tó yé mi, mo sunkún láti ilé-ìwé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi. Mo sọ fún un pé owó tó wálẹ̀ fún mi ti gòkè fún ọ̀rẹ́ mi, pé ìyá rẹ̀ kò rí i san, pé èmi nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì wa.

Bàbá mi ń rán aṣọ lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kejì ó dé fìlà, ó ní kí n tẹ̀lé òun.

Opó náà wà nídìí òfì rẹ̀. Ó rí wa, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ẹ kú oríire o," ni ó wí, láìwo ojú wa. "Ọmọ tiyín ti wọlé, tèmi ti jáde. Èmi tí mo ru òkúta ulé ùwé náà!"

Bàbá mi kò bínú sí i. Ó ní òótọ́ ló sọ. Ó ní owó tí wọ́n yọ kúrò lórí ọmọ òun ṣì wà lọ́wọ́ òun, pé òun ti ń san án tẹ́lẹ̀, pé kí òun máa san án lọ, kí wọ́n fi kún ti ọmọ yẹn, bẹ́ẹ̀ èmi mọ̀ pé ọwọ́ kò tíì rọ̀ nílé wa.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí òwú. Ó gbé ojú sókè, ó wo bàbá mi láti fìlà dé ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á.

"Bàbá télọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, "ṣé mọ́ṣáláṣí lẹ fẹ́ kó máa bá yín lọ?"

"Kó wá ṣe kí ni níbẹ̀?" ni bàbá mi dáhùn. "Ọmọ mi sunkún dé ulé lánàá, ó ní òun ò rẹ́ni jókòó tì. Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó tì í. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

Obìnrin náà tún fà sídìí òfì rẹ̀, ó ń wá òwú tí ó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òwú náà sì wà níwájú rẹ̀ gan-an, omi ojú kò jẹ́ kí ó rí i.