Ìgbà Tí A Ṣí Ọ̀nà fún Màlúù Omi

Òórùn ẹrẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí o bá yà kúrò ní márosẹ̀ ní Ìbàfò, tí o kọjá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ilé tí wọn kò tíì rẹ́, tí ọ̀kadà sì gbé ọ dé ibi tí ọ̀nà parí sí, òórùn náà ni yóò pàdé rẹ kí o tó fojú kan odò Ògùn fúnra rẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ dúdú ni, ewé tó ń jẹrà, ẹja tí àwọn obìnrin ń yan, àti iyọ̀ díẹ̀, bíi ti omijé tó bá ṣàn dé ètè ènìyàn. Iyọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu. Ọmọ Ìwó ni mí, mo sì rò pé òkun jìnnà sí wa. N kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni òkun ń ti ọ̀sà, tí ọ̀sà ń ti odò, tí odò náà á sì yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, á máa ṣàn gòkè lọ.

Ẹnjiníà obìnrin kan ló là mí lóye. Mówé ló ń gbé, kò sì ju ẹni tí mo lè pè ní àbúrò lọ. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń jó irin nígbà náà ní Ìbàfò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ irin tó máa wà lábẹ́ omi, tí kò sì ní já.” Ó ya abẹ̀bẹ̀ ńlá kan fún mi sórí ìwé. Ó ní bí a bá rì í sínú odò, bí omi bá ń lọ, á yí, bí omi bá ń bọ̀, á yí, iná á sì jáde lára rẹ̀ láìlo epo. Abúlé kan wà létí odò níbẹ̀ tí òpó iná kò dé rí. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níbẹ̀. Inú kúlà oní-yìnyín ni nọ́ọ̀sì wọn ti ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wá láti Ìbàfò. Bí yìnyín bá yọ́ lọ́nà, àwọn ìyá á pọn ọmọ wọn padà sílé lásán. Mo gba iṣẹ́ náà. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi dùn pé irin tí mo jó máa ṣe nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ká fi dá olè dúró.

Baba apẹja kan wà ní abúlé náà. Ìdílé wọn ló tẹ ibẹ̀ dó, èdè wọn sì ṣì ń dún bíi ti àwọn ará àtijọ́, débi pé mo ní láti fara balẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ tán. Lọ́jọ́ kan, mo ń jó irin fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó dà bí bọ́gílárì ojú fèrèsé. Èyí ni a fẹ́ fi dí iwájú ẹ̀rọ náà kí òjúoró àti òṣíbàtà má baà wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Baba wá dúró lẹ́yìn mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

“Ibo lẹ fẹ́ rì í sí?” ni wọ́n bi mí.

“Àárín odò ni, Baba. Ibi tó jìn jù, ibẹ̀ ni omi ti lágbára.”

“Ibẹ̀ ni màlúù omi ń gbà.”

Wọ́n jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, wọ́n sì ṣàlàyé. Wọ́n ní ẹranko kan ń bẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọkọ̀ wọn, ara rẹ̀ dà bí àpáta tó wà lábẹ́ omi, kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ, koríko nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ní abẹ́ apá ni ọmú rẹ̀ wà, ọmọ rẹ̀ á sì máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Nígbà òjò, á gòkè wá jẹun. Nígbà tí omi bá ń fà, á padà sí ọ̀sà. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n rí i gbẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Ènìyàn kì í sábà rí i. Koríko tó jẹ kù la máa ń rí.” Mo rẹ́rìn-ín nínú mi. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Èsì tó padà wá ni pé bí kò bá sí fọ́tò, kí iṣẹ́ máa lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, kò wo ojú mi.

Iṣẹ́ lọ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ la fi gbá àwọn òpó irin wọ ìsàlẹ̀ odò, ariwo rẹ̀ sì ń dún nínú eyín mi títí mo fi ń délé. Lẹ́yìn náà ni iná tàn. Mo rí i tí nọ́ọ̀sì ṣí fìríìjì, tó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé àwọn ìgò abẹ́rẹ́ kéékèèké náà bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, tó sì rọra pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Mo rin ìrìn akọni padà sí Ìbàfò lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Baba rán ẹnìkan wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo dé etí odò, wọ́n kàn ní, “Wẹ́dà, wọ inú ọkọ̀.” A wa ọkọ̀ gòkè, a kọjá ẹ̀rọ wa, a kọjá ọgbà ẹ̀fọ́ tó kẹ́yìn, títí a fi dé ibi tí odò ti yà sí kọ̀rọ̀. Baba fi ọwọ́ tọ́ka sí bèbè. Koríko ibẹ̀ gún régé bí orí tí onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ojú ibi tí a ti gé e sì ṣì tutù. Wọ́n ní àwọn ẹranko náà ti gòkè kọjá kí a tó ri irin wa. Ní báyìí omi ń fà, wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ìdí irin, wọ́n á padà. Bí odò bá tún fà sí i, orí ẹrẹ̀ ni wọ́n máa jókòó sí, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí wọn yóò pè wọ́n ní ẹran ọbẹ̀.

Baba ti abala àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ bọ omi, wọ́n sì ní kí n gbé etí lé orí igi rẹ̀. Kò sí ohun tí mo gbọ́ ṣáájú ju kùùùù kan lọ, tó ń lọ láìsinmi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ wa ni. Ibi tí a wà jìnnà débi pé n kò lè rí abúlé mọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ mi ń kùn nínú igi àjẹ̀ bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ gbé orí kúrò. Baba fi ọwọ́ tẹ èjìká mi. Ìgbà náà ni ohùn mìíràn wá, ohùn tín-ín-rín, bí ìgbà tí ìka tó tutù bá kọjá lára gíláàsì. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn tó nípọn díẹ̀ sì dá a lóhùn láti ibòmíràn nínú omi.

“Ọmọ lèyí,” ni Baba wí. “Ìyá ló ń dá a lóhùn.”

Orí mi wú. Mo wo odò náà, ó tẹ́ rẹrẹ, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju ewé lọ. Gbogbo oṣù tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo rò pé omi lásán ni.

Mo pe ẹnjiníà lórí fóònù kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó bi mí pé, “Ṣé ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?” Mo ní etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ní, “Mò ń bọ̀ lọ́la. A máa pa ẹ̀rọ náà, a máa yọ irin iwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ tó le jù jẹ́ ti nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ tuntun dé. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ, ó wá ní, “Bí a kò bá ṣí fìríìjì yìí, òtútù rẹ̀ lè dúró di ìrọ̀lẹ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, màá da gbogbo rẹ̀ nù ni.” Ó fa àga, ó sì jókòó ti ilẹ̀kùn fìríìjì náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé.

Ìgbà tí omi fà dé ìsàlẹ̀ pátápátá láàárọ̀ ni a pa ẹ̀rọ náà. Àwọn ọkùnrin abúlé fi okùn fa irin fẹ̀ǹfẹ̀ náà, ṣùgbọ́n igun kan kọ̀, kò kúrò. Mo wọ inú omi dé ọrùn, mo fi ayùn rẹ́ ojú ibi tí èmi fúnra mi ti jó pọ̀. Mo jó o dáadáa, n kò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọwọ́ tó jó o. Nígbà tó já, wọ́n wọ́ ọ jáde sí bèbè, òpó irin kan ṣoṣo ló kù lójú omi. A wá ń dúró. Baba ní kí ẹnikẹ́ni má pọn omi, kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kankan má ṣí. Omi kún wá, ó kún, ó dúró jẹ́ẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lọ sí ọ̀sà. Wọ́n ti kírun alásárì tán. Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé òtútù ti ń lọ. Ó rẹ̀ mí. Mo sọ fún ẹnjiníà pé bóyá kí a dá irin padà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i.” Ohùn rẹ̀ kò sì le.

Inú ọkọ̀ ni èmi àti Baba wà, lẹ́bàá òpó irin yẹn, nígbà tí mo gbọ́ èémí kan, bíi ti ẹni tó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Ihò imú méjì yọ lójú omi, wọ́n ṣí, wọ́n sì tún pa dé bí ilẹ̀kùn. Èémí kejì, tó kéré, tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó gùn, ó jọ̀lọ̀, ewéko ti hù sí i lára, ọmọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ apá gẹ́gẹ́ bí Baba ti wí. Ó dúró. Ó gbé ètè rẹ̀ onírun lé òpó irin náà, ó ń fi í rìn lórí ojú ibi tí mo jó, lókè, nísàlẹ̀, bí afọ́jú ti ń fọwọ́ ka ojú ènìyàn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni mo ti fẹ́ tọrọ rẹ̀, ní èdè wo? Ó rì. Ọkọ̀ wa gòkè díẹ̀ lábẹ́ ìdí wa, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti kọjá.

Kò sí ẹni tó pariwo. Baba ṣí fìlà. Ní etí bèbè, ẹnjiníà di fóònù mú lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ya fọ́tò kankan.

A dá irin padà kíákíá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nọ́ọ̀sì ní ó ku díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ náà bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Nígbà tí ọ̀gá ẹnjiníà dé, ẹnjiníà kọ̀ láti buwọ́ lu ìwé pé iṣẹ́ ti parí tí ọ̀gá náà gbé fún un, àfi bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà kúrò lójú ibú. Ọkùnrin náà jiyàn títí. Baba kò bá a jiyàn. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀, wọ́n wà á gòkè lọ, wọ́n sì fún un ní àjẹ̀ kó gbọ́ bí ariwo irin rẹ̀ ṣe ń rìn tó. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí a wá ibòmíràn fún ẹ̀rọ náà.

A gbé ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ odò. Omi ibẹ̀ kò lágbára tó ti àárín, nítorí náà iná dínkù. Ó tó fìríìjì, ó tó gílóòbù díẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àwọn kan kò tàn mọ́. Ọkùnrin kan sọ ọ́ nípàdé pé ẹranko ti gba iná mọ́ àwọn lọ́wọ́. N kò lè bá a wí. Òun kò sí nínú ọkọ̀ yẹn.

Ifọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ibi tí ènìyàn ń kọ́gbà lójoojúmọ́, géètì ni wọ́n sì ń gbé wá fún mi jù. Kí n tó wọn irin, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ onílé pé kí ló ń gba orí ilẹ̀ yìí kọjá kí wọ́n tó rà á. Àwọn kan á wò mí bí ẹni tó mutí. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, ìyá kan tó ń ta aṣọ ronú díẹ̀, ó ní, “Omi òjò ni, ọmọ mi. Láti òkè ló ti ń bọ̀, ó sì ń lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.” A jọ rìn tẹ̀lé ipa omi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi àti òun. Lẹ́yìn náà ni mo fa ìlà géètì náà, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún omi.