Àga Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Ọmọ ilé kejì sí tiwa ní Tashkent ni Zulhumor. Ilé gbígbé, ètò ìlú àti ìgbafẹ́ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú ka iye ibi ìgbafẹ́ tó wà ládùúgbò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù béèrè sinimá, pápá ìṣeré, ọgbà ìtura. Òdo ni Zulhumor kọ sí gbogbo rẹ̀. Àga gbọọrọ ẹnu géètì wọn, níbi tí bàbá àgbà rẹ̀, Ergash, àtàwọn arúgbó yòókù ti ń mu tíì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Òun ló gba máàkì tó ga jù. Ìjọba ìlú tẹ̀ lé ìwé rẹ̀, wọ́n hú gbogbo àga ẹnu géètì wa, wọ́n ṣe ọgbà ìtura fún wa. Mi ò tiẹ̀ bínú mọ́.

Lánàá, Bàbá Ergash gbé ìkòkò tíì dé ọgbà náà. Zulhumor tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní, “Bàbá, ẹ má bínú, a kì í mu tíì níbí.”

“Ìgbafẹ́ tí kò ní tíì? Ṣé kì í ṣe àtìmọ́lé nìyẹn?”

“Òfin ni, bàbá.”

Zulhumor ń wo ilẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fà á síwájú. “Ọmọ mi rèé. Ó mọ̀ nípa ìgbafẹ́ jù yín lọ. Zulhumor, sọ fún wọn.”