Ọwọ́ Oníṣọnà ní Apo

Inú máa ń bí mi ní ọ́fíìsì wa bí ọ̀gá mi bá ń pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní "àwọn tí ìwé ò yé." Pánẹ́bítà, ẹni tó ń lu ara ọkọ̀ tó tẹ̀ kó lè tẹ́jú, ni bàbá mi, ní abúlé mẹkáníìkì tó wà ní Apo. Òun alára kì í jẹ́ orúkọ yẹn. Oníṣọnà ló ń pe ara rẹ̀, ẹni tó ń ṣe ọnà. Ó ní òpó ààfin ni àwọn baba ńlá wa ń gbẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ọnà fi wà nínú orúkọ ìdílé wa. Nígbà tí mọ́tò dé, tí kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ òpó mọ́, bàbá rẹ̀ kó sídìí irin. "Igi ló kúrò ńbẹ̀, ọnà ò kúrò," ni yóò wí. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà, èmi alákọ̀wé.

Bó bá lu irin tán, á dijú, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ, ra á bọ̀. Ó ní ojú lè tan èèyàn jẹ, ọwọ́ kì í tan èèyàn.

Lọ́dún tí a dìbò tí ìjọba fi yí padà, àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí apá náà tún ti ń ṣeé gbé, ló fàáké kọ́rí pé òun ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo bá gbé e láti ilé wa ní Galadimawa lọ sí Apo ní àárọ̀ Sátidé kan. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan ló lù títí di ọ̀sán. Ó dijú, ó fọwọ́ ra á.

"Ó ti tẹ́jú."

Ẹni tó ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kai, Bàbá, this side never level o."

Bàbá tún fọwọ́ ra á. Ó wá yíjú sí mi. "Fọwọ́ kàn án. Má tàn mí."

Mo fọwọ́ kàn án. Kòtò wà níbẹ̀ tí ọmọdé á mọ̀.

"Kò tẹ́jú, Bàbá."

Ó mi orí. "Láti ọsibítù ni ọwọ́ yìí ò ti mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Mo rò pé irin á yàtọ̀."

Ó wá kọjú sí ẹni tó ni ọkọ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká bá yín wá oníṣọnà."

Mo gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sínú bùùtù. Kò bi mí léèrè ibi tí mò ń gbé àpótí náà lọ.