Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Kúnlẹ̀ Lábẹ́ Òkè

Irun orí mi ni mo ń tú lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Mo jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa ní Riverdale, lẹ́bàá Atlanta, mo gbé dígí lé orí àga, mo ti tú apá òsì tán, apá ọ̀tún ṣì wà ní dídì bó ṣe wà láti oṣù tó kọjá. Sátidé ni. Mi ò ní shift lọ́jọ́ náà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí bàbá ọmọ mi ti mú ọmọbìnrin wa lọ síbi àjọ̀dún kan. Mo ń jẹ ẹ̀pà, mo ń wo fíìmù, mo ń tú irun, mo sì ń sọ fún ara mi pé báyìí gan-an ni ayé ṣe yẹ kó máa rí. Ìgbà náà ni ọkọ mi pè.

"Mummy, jọ̀ọ́, máa bọ̀ báyìí," ni ó wí. "Ọmọ ẹ kúnlẹ̀ fún òyìnbó kan láàárín pápá, ìyá dúdú kan sì ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò ní dá a padà àfi tí òun bá fojú ara òun rí ìyá ẹ̀."

"Kí ló kúnlẹ̀ fún?"

"Tó o bá dé, wàá gbọ́."

Mi ò mọ bí mo ṣe rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mi ò mọ bí mo ṣe dé orí títì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ohùn ọkọ mi ń gbọ̀n, ọkùnrin tí kì í gbọ̀n bí ọlọ́pàá bá dá a dúró.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ọmọ mi fi kúnlẹ̀, ẹ ní láti mọ̀ nípa orúkọ ilé ọkọ mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí nítorí ẹbí, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ará Skọ́tlándì ni, Mak ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Sàró ni wọ́n ní Èkó, àwọn tí àwọn bàbá ńlá wọn ti ilẹ̀ Sàró padà wálé láyé àtijọ́. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, ìyá mi bi wọ́n pé ìlú wo gan-an ni wọ́n ti wá, wọ́n ní Èkó. Ìyá mi ní ṣáájú Èkó ńkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àlùfáà òyìnbó kan ló jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ńlá àwọn, tó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó fi orúkọ ara rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ìyá mi mi orí. Ní tèmi, inú mi dùn. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, mo rò pé orúkọ tó bá rọ òyìnbó lọ́rùn láti pè á máa ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Nígbà tí a dé Atlanta, wọ́n á ka orúkọ náà, wọ́n á gbójú sókè wò mí, wọ́n á tún ka orúkọ náà. Ilẹ̀kùn kankan ò ṣí.

Ohun kan ló wà nínú ilé náà tó jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé: oríkì. Ìyá ọkọ mi kì í fi í ṣeré. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń pè wá lórí fídíò láti Èkó, ọmọ mi á kúnlẹ̀ níwájú fóònù, ìyá àgbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àníkẹ́, ọmọ a-rìn-létí-odò-má-bẹ̀rù-omi, ọmọ ẹni tó fi òjò wẹ̀ tó fi oòrùn nura." Kò gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi parí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn, kò gbọ́ tó ìdajì ohun tí wọ́n ń wí, ohùn rẹ̀ sì máa ń wọ́ tó bá fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ó mọ èyí dájú: tí àgbàlagbà bá dìde dúró, tó gbé ohùn sókè, tó pe orúkọ ilé rẹ, tó ń ka iṣẹ́ akin àwọn bàbá rẹ, orúnkún ló kàn.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi ló fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àjọ̀dún àwọn tí ìran wọn ti Skọ́tlándì wá ni, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn odi ìlú Atlanta, lábẹ́ òkè olókùúta ńlá kan. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àgọ́ tirẹ̀, ó sì ní aṣọ ìlà tirẹ̀ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀.

"Wọ́n ní àgọ́ orúkọ wa wà níbẹ̀," ni ọkọ mi wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí ẹbí."

"Ẹbí wo, Daddy? Àwọn ẹbí tó funfun bí ẹ̀kọ? Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ bá àwọn kó àga."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí irun mi.

Ìgbà tí mo dé, ìdajì irun mi ló dúró gangan bí ti ológbò tó rí ajá. Mo ti gbàgbé láti dé nǹkan kan lé e. Àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà. Fèrè alápò kan ń ké lápá kan bí ọmọ màlúù tó sọ ìyá rẹ̀ nù, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ró aṣọ bíi yẹ̀rì, wọ́n ń ju ìtì igi tó tó òpó iná sókè. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá dúró wòran. Mo ń sáré láti àgọ́ dé àgọ́ títí mo fi rí orúkọ wa, orúkọ tó wà lára káàdì ìgbéyàwó mi, lára pátákó, àwọn òyìnbó tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò sì sí ẹni tó jọ ẹni tí mo mọ̀ nínú wọn.

Ìta àgọ́ ni ọmọ mi wà, lórí itan ìyá dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ó wé ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn. Ọkọ mi dúró níwájú wọn bí ọmọ tí tíṣà lé síta.

"Ṣé ìwọ ni ìyá ẹ̀?" ni ìyá náà bi mí.

"Èmi ni, Mà."

Ó wo orí mi. "Ó hàn pé o sáré wá," ni ó wí, ó sì tú ọwọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti ń fi makirofóònù pe àwọn ìdílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan orúkọ wa, bàbá òyìnbó kan, àgbà ìdílé náà, jáde síwájú àgọ́, ó gbé ohùn sókè, ó pe orúkọ náà, ó ké igbe ogun wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó jagun, àwọn tó la òkun kọjá. Ọmọ mi já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú bàbá yẹn, ó kúnlẹ̀ sórí koríko, ó tẹrí ba, ó ń dúró kí wọ́n parí. Bàbá náà kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn ń ya fọ́tò.

Orí mi wú. Mo fa ọmọ mi mọ́ra.

"Ohun tí mo rí ni ọmọ dúdú lórí ìkúnlẹ̀," ni ìyá náà wí, "ọwọ́ ọkùnrin funfun lórí ẹ̀, lábẹ́ òkè yìí. Ṣé ẹ ti wo ara òkè yẹn dáadáa? Àwọn tó jagun kí wọ́n má bàa dá wa sílẹ̀ lóko ẹrú ni wọ́n gbẹ́ àwòrán wọn sára ẹ̀. Mi ò dúró béèrè nǹkan kan. Mo fà á dìde, mo ní, béébì, a kì í kúnlẹ̀ fún wọn."

"Àṣà wa ni, Mà," ni ọkọ mi wí. "Ó rò pé oríkì wa ni wọ́n ń kì. Orúkọ wa ni wọ́n pè."

"Orúkọ tèmi náà ni. Ẹni tó ra bàbá bàbá bàbá mi ló kọ ọ́ lé e lára, bí a ṣe ń sàmì sára ewúrẹ́. Ọdọọdún ni mo ń wá jókòó síwájú àgọ́ yìí. Mi ò wá kí ẹnikẹ́ni. Mo ń wá kí wọ́n lè máa rí mi ni." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ ńkọ́? Níbo lẹ ti rí tiyín?"

Ọkọ mi nà ró. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn àlùfáà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ńlá rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́," ni ìyá náà wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá, síbẹ̀ ó dun ọkọ mi bí ẹ̀rín ẹ̀sín. Ọkọ mi fa fóònù yọ, ó ní kí ìyá òun wá fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Iwájú ni ọkọ mi ń wò lọ́jọ́ náà.

Ojú ìyá ọkọ mi yọ lórí fídíò, wọ́n jókòó ní ẹ̀yìnkùlé wọn l'Ékòó, ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ mi ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ bí bàbá ńlá ṣe gba orúkọ wa."

Wọ́n sún mọ́ fóònù. Wọ́n bi wá pé, "Ṣé ọmọ wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbí, Mà."

"Kó gbọ́ nígbà náà. Èmi náà ti darúgbó." Wọ́n gbá ìró wọn mọ́ra. "Kò sí ọ̀rẹ́ kankan. Inú ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń kó ẹrú ni ọkọ̀ ogun òyìnbó ti gba bàbá ńlá yín sílẹ̀, ọmọ kékeré ni, kò ju Àníkẹ́ yìí lọ. Wọ́n kó wọn lọ sílẹ̀ Sàró. Wọ́n bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Wọ́n tún bi í, kò dáhùn. Àlùfáà tó ń kọ́ wọn níwèé ní ó dáa, kó máa jẹ́ tòun. Ìgbà tó dàgbà tó wá sí Èkó, kò mọ ìlú tí wọ́n ti jí i gbé. Bàbá ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó ní kí n má sọ ọ́ síta."

"Oríkì ńkọ́?" ni ọkọ mi wí. Bí ọmọ ló ṣe sọ ọ́.

"Oríkì wo? Ti ilé bàbá tèmi ni. Nígbà tí mo wọ ilé wọn, mo bí ẹ, mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń kì yín, wọ́n ń wojú ara wọn. Ṣé kí ọmọ mi máa jí láràárọ̀ kó máa dọ̀bálẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ ni? Mo mú tiwa, mo fi kì ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n dá a padà."

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá dúdú náà, ẹnu mi ń kọsẹ̀. Ọkọ mi ti jókòó sórí koríko. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún oríkì yẹn, tó ń fi í yangàn fún mi.

"Ẹ̀yin náà nìyẹn," ni ìyá náà wí. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọkọ mi, ó sì jókòó tì í.

Bàbá òyìnbó yẹn ti dé ẹ̀yìn wa láì jẹ́ pé a mọ̀. Ó ti ṣí fìlà. Ó bi mí pé kí ni ìkúnlẹ̀ ọmọ náà túmọ̀ sí, mo sọ fún un. Ó ní òun ti ń pe ìpè yẹn láti kékeré, kò tíì sí ẹni tó dá òun lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó wo ìyá dúdú náà, ó gbé e mì.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà pè. Ọmọ mi dúró níwájú fóònù, ó ká apá mọ́ àyà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, kò kúnlẹ̀, kò dáhùn. Ó ní, "Ìyá ọjọ́ yẹn ní kí n má kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ní oríkì yìí kì í ṣe tiwa." Ìyá ọkọ mi dákẹ́ ní àárín ẹsẹ̀ oríkì. Mi ò rí i kí obìnrin yẹn dákẹ́ rí. Wọ́n ní àwọn á tún pè, wọ́n sì pa fóònù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ọmọ mi ti mọ̀wé, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Mak yẹn sára ìwé iléèwé rẹ̀, mi ò sì sọ fún un pé kó má kọ ọ́. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí a ó ṣe bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló so ìjánu náà. Títí dòní, tí mo bá rántí ọwọ́ bàbá yẹn lórí ọmọ mi, ara mi á bù máṣọ. Tí mo bá sì rántí obìnrin kan tó wọ ilé tó dákẹ́, tó gbé ohùn ilé bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má bàa jí sínú òfo, mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ló yà mí lẹ́nu jù.

Lọ́jọ́ tó ká apá mọ́ àyà yẹn, mo gbé e jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi mí pé ṣé ọmọ kékeré inú ọkọ̀ ẹrú yẹn gbàgbé orúkọ rẹ̀ ni.

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, o lè gbàgbé tìẹ?"

Ó ní rárá.

Mo ní, "Òun náà ò gbàgbé. Bó o ṣe tó yìí ló ṣe tó nígbà yẹn. Ó mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń bi í ni kò fẹ́ sọ ọ́ fún. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún wa mọ́, èmi náà ò lè purọ́ fún ẹ. Èyí tí ìyá àgbà fi ń kì ẹ́, ẹ̀bùn ni. Tó o bá fẹ́ kúnlẹ̀, kúnlẹ̀. Tó ò bá fẹ́, dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè ẹ́, Àníkẹ́, jọ̀ọ́, dá wọn lóhùn."